Ọmọ Mi Lórúkọ Méje, Kò Dáhùn Ẹyọ Kan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Olódì-Àpápá. Ó ti pẹ́ o. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí mo ṣì ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi obìnrin ni, ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá ọkọ mi náà sì ni. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè bú mi. Èmi náà ti bú ara mi tó.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tiwa wáá ńkọ́? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi, bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré rárá. Ọkọ mi, inú ilé Mùsùlùmí ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ó kàn ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí a bí ọmọ, pásítọ̀ sọ ọ́ lórúkọ láàárọ̀, ààfáà sọ ọ́ lórúkọ lọ́sàn-án. Ìrẹsì inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ!

Èmi ní Ìbùkún ni ọmọ mi ń jẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní Rúkáyátù ni, Rúkà ní kúkúrú. Ọkọ mi sọ ọ́ ní Bímpé. Bàbá mi fi Ìyanuolúwa ránṣẹ́. Oríkì rẹ̀ ni Àdùkẹ́. Onílé wa ń pè é ní Ìyàwó Mi. Màmá Ẹfẹ, ará Warri tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ń pè é ní Fine Baby. Ẹ bá mi kà á, ṣé kò pé méje? Olúkúlùkù ló sì ń pe tirẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, Màmá kó wá láti Ìsẹ́yìn kí wọ́n lè máa bá wa tọ́ ọmọ. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Tí mo bá ti jáde láàárọ̀, àwọn àti ọmọ ló kù. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ọmọ ti wẹ̀, ó ti jẹun, ìtọ́ sì ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ "Rúkà, Rúkà" láti ẹnu ọ̀nà, ara mi á gbóná. Mo ń rò ó pé, ṣé ọmọ tí mo bí kó lè jẹ́ ti Jésù ni wọ́n fẹ́ fọgbọ́n gbà lọ́wọ́ mi? Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ọ̀dọ́mọdé ìyàwó ni mí nígbà náà.

Ọmọ náà, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í da ilé rú, kì í sunkún tẹ̀ lé mi. Tí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ìyá ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí i, ojú rẹ̀ á kọjá lára wọn lọ sí ara ògiri. Wọ́n á ní, ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, kì í wo àgbà lójú! Orí mi á wú. Ta ni orí rẹ̀ ò ní wú? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ta ló kọ́ ọ pé kó má wo àgbà lójú? Kò sí ẹni tó béèrè nínú wa.

Ó ti ń sọ "omi" àti "gbà" nígbà tó lé lọ́mọ ọdún kan. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ méjèèjì pòórá. Mo ní eyín ló ń hù. Tó bá fẹ́ mu omi, kò ní nàka sí i, kò ní pè mí. Á mú ọwọ́ mi, á gbé e lé kọ́ọ̀bù, bí ẹni ń lo ṣíbí. Kò ní wo ojú mi rárá. Mo ní ọmọ ọlọ́gbọ́n ni, ó mọ ibi tí omi wà.

Ìdérí agolo mílíìkì ni eré rẹ̀. Á tò wọ́n sí ẹsẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn, tààrà bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ gbún ẹyọ kan, gbogbo ilé á gbọ́ igbe. Tí ọkọ̀ ojú omi bá sì fọn fèrè ní wáàfù, tí àwa tí ń gbé ibẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, á fi ọwọ́ di etí méjèèjì, á kó wọ abẹ́ ibùsùn. Màmá Ẹfẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń ní, "This one na big madam, she no like noise."

Ọjọ́ kan wà tí Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Mo ń bọ́ bàtà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bààlúù kan kọjá lónìí, mo nàka sí i kí ọmọ yìí lè rí i. Ìka mi ló ń wò. Kò wo òkè. Mo tún ṣe é fún un lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní, "Ọmọdé ni, Màmá."

Wọ́n ní, "Àwọn tí mo bí, wọ́n máa ń wò ó."

Mo wọlé lọ. Lójú tèmi, wọ́n tún ti ń fi ọmọ mi wé tiwọn nìyẹn. Mi ò fún ọ̀rọ̀ náà ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún méjì, ọ̀rọ̀ wá di pé kì í dáhùn tí a bá pè é. Mo lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí n pe Ìbùkún nígbà mẹ́wàá, kò ní yíjú. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí díẹ̀díẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé èmi ni mò ń pe òun? Mo ronú títí, mo sì rí ìdáhùn kan tó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Orúkọ ló pọ̀ jù! Ọmọ tí à ń pè ní orúkọ méje, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀? Ta ló sì ń da orúkọ rú jù lọ? Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ ṣáà mọ bí ọwọ́ wa ṣe ń yá láti rí ẹ̀bi ìyá ọkọ.

Mo yọ ọkọ mi lẹ́nu títí ó fi pe ìpàdé ẹbí. Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, àbúrò Màmá ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Ìjọra nítorí pé Ìjọra Badia ni wọ́n ń gbé, wá jókòó sí pálọ̀ wa. Wọ́n gbọ́ tẹnu èmi, wọ́n gbọ́ tẹnu ọkọ mi. Bàbá Ìjọra mi orí, wọ́n ní, "Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ṣùgbọ́n tí méje bá ń ro ó lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni kó yà sí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá dá ẹjọ́. Fún oṣù mẹ́ta, orúkọ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa fi pe ọmọ. Nítorí pé ìyá ló rọbí, Ìbùkún ni kó jẹ́.

Màmá tẹrí ba fún àbúrò wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa, mo gbọ́." Mo jàre! Inú mi dùn débi pé mo fi ẹran kún oúnjẹ Bàbá Ìjọra.

Oṣù kìíní lọ. Oṣù kejì lọ. Onílé gan-an ń pè é ní Ìbùkún. Màmá Ẹfẹ ń pè é ní Ìbùkún pẹ̀lú ohùn Warri rẹ̀. Oṣù kẹta pé. Ọmọ ò yíjú.

Kí ló yẹ kí n ṣe nígbà yẹn? Ó yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò sí lára orúkọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe o. Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo kúnlẹ̀ bí ọmọ dáadáa, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì ń pè é ní Rúkà tí mo bá ti jáde?"

Wọn ò bínú sókè. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán, wọ́n gbé e kaná. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ajégúnlẹ̀. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn sọ fún mi pé ìyá òun kò parọ́ rí láyé òun, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Mo gba ìsinmi lọ́fíìsì láti dúró ti ọmọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni èmi fúnra mi tó fi odindi ọjọ́ wò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń sọ fún yín, ilé dákẹ́. Mo lè jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta kó má rántí pé èèyàn wà níbẹ̀. Mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀, kí Màmá Ẹfẹ má baà gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ikọ́ mú un, mo gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba tó wà ládùúgbò. Bí a ṣe ń dúró de kí wọ́n pè wá, ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ń fọwọ́ tọ ìlà táìsì ara ògiri. Mo pè é, mo pè é. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà, tó fi gíláàsì sí ṣóńṣó imú, ń wò wá. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín kì í dáhùn?"

Mo yára ṣàlàyé. Mo ní orúkọ ló pọ̀ jù, mo sọ ìtàn ìyá ọkọ mi fún un, mo sọ ti ìpàdé ẹbí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ pe gbogbo rẹ̀ báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú."

Níwájú gbogbo èèyàn, mo bẹ̀rẹ̀. Ìbùkún. Bímpé. Ìyanuolúwa. Àdùkẹ́. Mo pe Ìyàwó Mi, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo pe Fine Baby. Mo pe Rúkà gbẹ̀yìn, ohùn mi kò sì ròkè. Ọmọ ń tọ ìlà ògiri rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú súìtì kan jáde, ó rọra rún bébà rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ. Kíá, ọmọ yípadà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi tutù. Nọ́ọ̀sì fún un ní súìtì náà, ó wá jókòó tì mí. Ó ní etí rẹ̀ ń gbọ́, kì í ṣe adití, ọ̀rọ̀ kò sì sí lára orúkọ. Ó bi mí pé, ṣé ọmọ náà máa ń nàka sí nǹkan kí n lè bá a wò ó? Mo ní rárá. Ó ní, ṣé ó máa ń gbé ohun tó rí wá fi hàn mí, lásán, kí inú èmi náà lè dùn? Mo ronú. Ìdérí agolo tó tó ogójì, kò gbé ẹyọ kan wá fi hàn mí rí. Ó ní òun kọ́ ló máa sọ ohun tó jẹ́, dókítà ni. Ó kọ lẹ́tà fún mi sí ọsibítù ńlá kan, ó sì ní kí n má jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́.

Ọ̀nà ọsibítù ńlá náà jìn, mo lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, dókítà obìnrin kan dárúkọ rẹ̀ fún mi: ọ́tísíìmù. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo béèrè oògùn rẹ̀, ó ní kò sí oògùn tó ń mú un kúrò. Ó ní bí ọpọlọ ọmọ mi ṣe ń gba ayé wọlé yàtọ̀, pé ìyá kọ́ ló fà á, orúkọ kọ́ ló fà á, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe é. Ó ní ọmọ lè kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a sì ní sùúrù.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nínú ilé?

Mo ya ẹnu láti sọ pé èmi ni. Bààlúù yẹn wá sí mi lọ́kàn. "Ìka mi ló ń wò. Kò wo òkè." Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi bá àgbàlagbà jà lórí orúkọ, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti sọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi fún mi lójú mi, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, mi ò tiẹ̀ gungi láti wò ó. Ojú tì mí níwájú dókítà.

Dókítà ní kí n mú orúkọ kan, èyí tí ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ jù lọ á lè máa pè láti ọkàn wá. Ó ní kí a máa pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a dúró, kí a mú ohun tó fẹ́ràn dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wa. Tó bá wò wá, ká fún un.

Mo gba ibẹ̀ lọ sí Ajégúnlẹ̀. Mi ò dé ilé. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo wọ inú àwọn òpópónà tóóró ẹ̀yìn ọjà Bọ́ńdìrì títí mo fi dé ibi tí Màmá jókòó sí, tí wọ́n ń bá ọmọ wọn ká aṣọ òkìríkà. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo ṣẹ̀ yín. Mo pè yín lónírọ́."

Wọ́n ká ẹ̀wù kan, wọ́n ká èkejì. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti ní kí n má pè é ní Rúkà mọ́, mi ò pè é ní nǹkan kan. Èyí tẹ́ ẹ fún mi kò jáde lẹ́nu mi. Àtẹ́wọ́ ni mò ń pa fún un, bí ẹni ń pe adìyẹ." Omijé bọ́ lójú wọn. "Ọmọ ọmọ mi!"

Mo sunkún. Ọmọ wọn obìnrin náà sunkún, òun tó ti múra láti bú mi tẹ́lẹ̀!

Wọ́n bi mí pé, "Orúkọ wo wá ni dókítà ní ká máa pè é?"

Mo ní, "Rúkà, Màmá."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo bí i."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i."

Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n wá bàtà mi."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, Màmá á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ojú wọn lè bá ojú ọmọ dọ́gba. Wọ́n á mú ìdérí mílíìkì kan sún mọ́ ojú ara wọn, wọ́n á pe Rúkà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró. Nígbà mìíràn, ẹ lè jẹ odindi ẹ̀bà kí ojú ọmọ náà tó kan tiwọn. Nírọ̀lẹ́, ó di tèmi. Sùúrù Màmá, mi ò ní irú rẹ̀, kí n má purọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ju ìdérí sílẹ̀ tí mo lọ jókòó síta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń pe Rúkà láàárín ìsìn. Ìyá ìjọ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá mo ti ṣí lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ní rárá o, ọmọ mi ni mò ń pè.

Ó tó bí oṣù mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ń ti ọjà bọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì kún. Rúkà kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń to ìdérí. Kò sí ìdérí lọ́wọ́ mi, kò sí súìtì. Mi ò tiẹ̀ rò ó, mo kàn pè é bí ìyá yòówù ṣe ń pe ọmọ. "Rúkà!"

Ó yíjú.

Kò rẹ́rìn-ín, kò sáré wá dì mọ́ mi. Ó wo ojú mi gan-an, bí ẹni ń wo aago, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí mo gbé bọ́ sílẹ̀. Mo tún ya ẹnu láti pè é kí n lè rí i lẹ́ẹ̀kejì, Màmá na ọwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni dókítà ní ká pè é." Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbà mí. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́ mi.

Rúkà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ èyí tó fẹ́. Òun ló ń to ọjà sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, ẹ ò lè rí agolo kan tó wọ́ níbẹ̀. Màmá ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa dòní, Ìyá Rúkà ni wọ́n ń pè mí, pásítọ̀ pàápàá.

Èmi kì í ṣe dókítà, ẹ má gba oògùn lẹ́nu mi. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Tí ọmọ yín bá ń ṣe jẹ́jẹ́ jù, tí kì í wò yín lójú, tí kì í nàka, tí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ bá pòórá, tí ẹ bá pè é tí kò yíjú, ẹ má ṣe wá ẹni tí ẹ ó dá lẹ́bi. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹnì kan nínú ilé bá sì sọ fún yín pé òun rí nǹkan, kódà kó jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bí yín nínú, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà yín tán, kí ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ.

Ó kù sí ọwọ́ yín. Mo fẹ́ ka tiyín nísàlẹ̀ níbí. Nílé tiyín, ta ló kọ́kọ́ rí i? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?